Ọ̀gágun Murtala Muhammed, owó ₦20 àti lẹ́tà kéwú tí wọ́n yọ lára rẹ̀

Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa mùsùlùmí àti àwọn aládùúgbò wa ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà kéwú tó wà lára owó Náírà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ní Òrégùn tàbí tó ń tajà ní Onígbòǹgbò yóò ti gbọ́ ọ rí. Wọ́n á ní wọ́n fẹ́ fi owó sọ gbogbo Nàìjíríà di ilẹ̀ Islām, wọ́n á ní Al-Kùránì ni wọ́n kọ sára ₦200, ₦500 àti ₦1000. Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ọ nílé ìwé, wọ́n sì ń gbé ìbéèrè náà wálé. A rò pé ọ̀nà tó dára jù láti dá wọn lóhùn ni kí a sọ ìtàn ọmọ Nàìjíríà tí àwòrán rẹ̀ kọ́kọ́ wọ orí owó bébà wa. Mùsùlùmí ni. Lábẹ́ ìjọba rẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé òfin tí àwọn tó fẹ́ kí wọ́n pa lẹ́tà kéwú rẹ́ ń dì mú lónìí.

Ìlú Kano ni wọ́n ti bí Murtala Ramat Muhammed, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kọkànlá ọdún 1938. Risqua Muhammed ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ìdílé kéwú ni wọ́n, nítorí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣe olórí adájọ́ sàríà ní Kano. Àmọ́ wọn kò fi ìwé òyìnbó dù ú. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Zaria tí gbogbo ayé mọ̀ sí Barewa, ó jáde níbẹ̀ ní 1957, ó sì wọṣẹ́ ṣọ́jà. Wọ́n rán an lọ sí Sandhurst ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun ní 1961, ó sì wà lára àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí wọ́n lọ pẹ̀tù sí aáwọ̀ ní Congo. Ẹ̀ka tó ń rí sí wáyà àti rédíò àwọn ọmọ ogun ni ó ti ṣiṣẹ́. Ọmọ Yorùbá ni ó fi ṣe aya, Àjọkẹ́ ni orúkọ ìyàwó rẹ̀, nítorí náà àna wa ni.

Àdúgbò wa yìí náà wà nínú ìtàn rẹ̀. Bárékè Ìkẹjà tó wà nítòsí wa, èyí tí àwọn ohun ìjà bú gbàmù nínú rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2002, àti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nígbà ìfipágbàjọba ọjọ́ 29 oṣù Keje 1966. Ní oṣù Kìíní ọdún yẹn ni àwọn ọ̀gá ṣọ́jà kan ti pa Sardauna Ahmadu Bello, Tafawa Balewa àti Olóyè Akíntọ́lá. Àwọn ṣọ́jà òkè Ọya fẹ́ gbẹ̀san, Murtala sì wà ní iwájú wọn. Wọ́n gba bárékè, wọ́n gba pápákọ̀ òfurufú, wọ́n tún gba bàálù BOAC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi kó ìyàwó àti ọmọ àwọn èèyàn wọn lọ sí òkè Ọya. Ohun tó wà lọ́kàn wọn lọ́jọ́ náà ni kí òkè Ọya ya kúrò lára Nàìjíríà pátápátá. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n fi jíròrò ní Ìkẹjà ni wọ́n gbà pé kí orílẹ̀-èdè náà wà ní ọ̀kan, kí Gowon sì ṣe olórí. Kí àlàáfíà tó dé, ọ̀pọ̀ ṣọ́jà tó jẹ́ Ígbò ni wọ́n ti pa.

A kò ní fi èyí tó burú jù pamọ́ fún àwọn ọmọ wa. Nígbà ogun abẹ́lé, Murtala ni ọ̀gá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kejì. Ó gba Benin padà ní oṣù Kẹsàn-án 1967, ó sì kọjú sí odò Ọya. Ní oṣù Kẹwàá, ní ìlú Asaba, àwọn ọmọ ogun abẹ́ rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ọkùnrin àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò gbé ohun ìjà, lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú ti wọ aṣọ funfun, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń kọrin wá pàdé wọn láti fi hàn pé ọ̀rẹ́ ni àwọn. Àwọn ìdílé ní Asaba ṣì ń rántí rẹ̀ títí dòní. Islām kò fàyè gba kí wọ́n pa ẹni tí kò bá èèyàn jagun. Jíjẹ́ mùsùlùmí olórí ogun kò sọ ìwà àwọn ọmọ ogun rẹ̀ di ohun tó tọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ gbèjà rẹ̀ nítorí pé ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn ni. Ní ojú odò ní Onitsha, wọ́n gbìyànjú láti sọdá léraléra, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò, kí wọ́n tó gba ìlú náà ní oṣù Kẹta 1968. Lẹ́yìn náà ni ó kúrò lójú ogun.

Ní 1974, Gowon fi í ṣe kọmíṣọ́nà fún ètò ìbánisọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1975, nígbà tí Gowon wà ní ìpàdé àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ní Kampala, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fi Murtala jẹ olórí. Nǹkan bí igba ọjọ́ péré ló lò. Àwọn àgbà wa tó ti dàgbà nígbà náà ṣì máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ó lo ogún ọdún. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n yọ lẹ́nu iṣẹ́ lé ní 10,000, àwọn kan nítorí ìwà ìbàjẹ́, àwọn kan nítorí ọjọ́ orí tàbí ọ̀lẹ, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n fi ìkánjú lé láìgbọ́ ẹnu wọn. Ó fagi lé ètò ìkànìyàn 1973. Ní oṣù Kìíní 1976, ó lọ sí Addis Ababa, ó sì sọ níwájú gbogbo ayé pé Áfíríkà kò ní gba àṣẹ lẹ́nu Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ Angola. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, ó dá ìpínlẹ̀ tuntun méje sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ni wọ́n pín sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó, nítorí náà, kò sí ìdílé Yorùbá kan tí ìjọba rẹ̀ kò kàn.

Iṣẹ́ méjì nínú iṣẹ́ rẹ̀ ló kan ọ̀rọ̀ tí a ń sọ gan-an. Èkíní ni olú ìlú. Ó yan ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ Adájọ́ Akínọlá Agúda, ọmọ Yorùbá, pé kí wọ́n wo ibi tí olú ìlú yẹ kó wà. Wọ́n ní kí ó kúrò ní Èkó, kí ó lọ sí àárín gbùngbùn ilẹ̀ Nàìjíríà, níbi tí ẹ̀yà ńlá kankan kò ti ní lè sọ pé ilé baba àwọn ni. Bí Abuja ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ Kano ni Murtala. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀sìn àti ẹ̀yà ni ó fẹ́ fi ìjọba gbé ga, Kano tàbí Kaduna kò jìnnà sí i.

Èkejì ni ìwé òfin. Ní oṣù Kẹwàá 1975, ó gbé ìgbìmọ̀ tí yóò kọ ìwé òfin tuntun kalẹ̀, Olóyè Rótìmí Williams sì ni alága wọn. Àwọn 50 ni wọ́n pè, Olóyè Awólọ́wọ̀ ní òun kò ṣe, ó ku 49. Murtala kò wà láyé mọ́ nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, ṣùgbọ́n inú iṣẹ́ náà ni abala kẹwàá ti jáde, èyí tó sọ pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Ó wà nínú ìwé òfin 1979, ó sì wà nínú ti 1999 tí a ń lò lónìí ní abala kẹwàá kan náà. Ilé ìgbìmọ̀ tó jókòó lé ìwé náà lórí ní 1977 àti 1978 fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká lórí ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ sàríà. Àwọn kan fẹ́ kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sàríà wà fún ìjọba àpapọ̀, àwọn kan yarí. Ní oṣù Kẹrin 1978, àwọn tó fẹ́ ẹ bínú jáde kúrò ní ìjókòó. Níkẹyìn, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú gbogbo àwọn yẹn tó bá owó jà. Lẹ́tà kéwú sì wà lára rẹ̀ lójú gbogbo wọn.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, ọjọ́ 13 oṣù Kejì 1976, Murtala ń lọ síbi iṣẹ́ ní Dodan Barracks láti ilé rẹ̀ ní Ìkòyí. Kò lo ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́, kò sì fi fèrè lé àwọn èèyàn kúrò lójú ọ̀nà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó dá ọkọ̀ Mercedes rẹ̀ dúró bí ti gbogbo ènìyàn. Ibẹ̀ ni àwọn ṣọ́jà tí Dimka darí ti yìnbọn pa òun, awakọ̀ rẹ̀ àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ̀ lé e, Akíntúndé Akínṣẹ̀hìnwá, ọmọ Yorùbá. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n pa Ibrahim Taiwo, gómìnà Kwara, pẹ̀lú. Ìjọba kò bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ọ̀báṣanjọ́ ló gorí àléfà. Kano ni wọ́n sin Murtala sí. Ọmọ ọdún 37 ni. Kí Ọlọ́hun forí jì í. Ọkọ̀ tí wọ́n yìnbọn sí náà wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Oníkàn, àwọn òbí lè mú ọmọ lọ wò ó.

Pápákọ̀ òfurufú tí ó fi ọwọ́ ogun gbà ní 1966 ni wọ́n wá fi sọ orí rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣí ilé tuntun níbẹ̀ ní oṣù Kẹta 1979. Ṣùgbọ́n owó ti ṣáájú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì 1977, nígbà tó kù ọjọ́ méjì kí ikú rẹ̀ pé ọdún kan, Báńkì Àpapọ̀ gbé ₦20 jáde pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Òun ni owó bébà tó tóbi jù nígbà náà. Ẹni tó bá ń gba ₦20 ẹyọ kan nínú owó oṣù rẹ̀ nígbà yẹn mọ̀ pé owó ni òun gbà. Kò tíì sí ọmọ Nàìjíríà kankan tí àwòrán rẹ̀ wà lórí owó bébà ṣáájú rẹ̀.

Lára owó yẹn, yàtọ̀ sí òyìnbó, lẹ́tà kéwú wà. Kí ni wọ́n kọ? Naira ashirin ni, ìyẹn ogún Náírà lédè Haúsá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára ₦10 wọ́n kọ naira goma, lára ₦5 wọ́n kọ naira biyar. Ohun tí àwọn Alfa wa ń pè ní ańjẹ̀mí nìyẹn, kí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè tí kì í ṣe Lárúbáwá. Àwọn Alfa Yorùbá náà ń fi kọ èdè Yorùbá kí ìwé òyìnbó tó gbilẹ̀, àwọn kan ṣì ń fi kọ wáàsí wọn. Ẹ̀yin òbí lè dán an wò fúnra yín. Ẹ mú owó ₦10 àtijọ́ bí ẹ bá rí i, ẹ fún ọmọ yín tó ti parí kéwú ní ilé kéwú. Yóò pè é jáde, àmọ́ bí kò bá gbọ́ Haúsá, kò ní mọ ìtumọ̀ goma. Bí ó bá jẹ́ Al-Kùránì ni, ṣé kò ní mọ̀ ọ́n ni? Ti ₦20 nìkan ni ó lè fura sí, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni àwọn Haúsá ti yá ashirin.

Láti ayé òyìnbó amúnisìn ni irú ìkọ̀wé yìí ti wà lára owó tí a ń ná. Àwọn òyìnbó tí wọ́n fi í síbẹ̀ kì í ṣe mùsùlùmí. Ìdí wọn kò ju pé àìmọye oníṣòwò ní òkè Ọya mọ lẹ́tà kéwú kà, wọn kò sì mọ A-B-D. Ní oṣù Kejì 2007, nígbà tí Soludo jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀, wọ́n tún ₦5, ₦10, ₦20 àti ₦50 ṣe, wọ́n yọ ańjẹ̀mí kúrò, wọ́n sì fi Haúsá, Ígbò àti Yorùbá rọ́pò rẹ̀ ní lẹ́tà A-B-D. Báńkì náà ní èdè ilẹ̀ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àwọn fẹ́ gbé lárugẹ. Ní tiwa, inú wa dùn láti rí Yorùbá lára owó, àmọ́ kò sí ohun tó ní kí wọ́n yọ ọ̀kan kí wọ́n tó fi òmíràn síbẹ̀. Ní 2014, wọ́n ṣe ₦100 tuntun fún ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún Nàìjíríà, kò sí ańjẹ̀mí lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ mùsùlùmí sì fi ẹ̀hónú hàn. Nígbà tí wọ́n tún ₦200, ₦500 àti ₦1000 kùn ní 2022, ańjẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọdún 2020, agbẹjọ́rò kan ní Èkó, Malcolm Omirhobo, gbé Báńkì Àpapọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀. Ó ní lẹ́tà náà ń fi Nàìjíríà hàn bí orílẹ̀-èdè mùsùlùmí, èyí tó lòdì sí abala kẹwàá. Báńkì náà fèsì pé ańjẹ̀mí ni, pé ó ti wà láti ayé amúnisìn, pé kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ẹ̀sìn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí. Òfin tí ìgbìmọ̀ Murtala bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń lò láti bá lẹ́tà irú èyí tó wà lára owó Murtala jà.

A kò sọ pé abala kẹwàá kò dára. Ó dára fún wa. Òfin kan náà tó ní ìjọba kò gbọ́dọ̀ ní ẹ̀sìn ló tún fún olúkúlùkù ní òmìnira láti ṣe ẹ̀sìn tirẹ̀, orí òmìnira yẹn sì ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dúró lé ní oṣù Kẹfà 2022, nígbà tó dá àwọn ọmọbìnrin wa láre pé wọ́n lè lo híjáàbù ní ilé ìwé ìjọba ní Èkó. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ àǹfààní òfin yẹn gbọ́dọ̀ gbà pé ó dáàbò bo Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe náà. Nítorí náà, bí ìjọba bá kọ àdúrà tàbí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ sára owó, kódà kó jẹ́ tiwa, aládùúgbò wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí. Àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa yẹ fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ní tòótọ́. Ohun tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ síbẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni ìṣẹ́gun ti ń wá, inú Súrà Sọ́fù sì ni ọ̀rọ̀ náà wà. Agbẹjọ́rò kan náà pe ẹjọ́ lórí ìyẹn pẹ̀lú, a sì rí ohun tó ń sọ níbẹ̀, bí a kò tilẹ̀ fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ nìyẹn. Naira goma kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́.

Ẹ wo Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì kò gbọ́dọ̀ pò. Láti 1864 ni wọ́n ti kọ ọ́ sára owó ẹyọ wọn pé Ọlọ́run ni àwọn gbẹ́kẹ̀ lé, láti 1957 ó wà lára owó bébà, gbogbo ẹjọ́ tí àwọn aláìgbàgbọ́ pè láti yọ ọ́ ni wọ́n pàdánù. Lára owó ẹyọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi èdè Látìn kọ ọ́ ní kúkúrú pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni ọba fi ń jọba, àti pé òun ni olùgbèjà ẹ̀sìn, ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n sì ń sọ. Àwọn ará wa ní London ń ná an lójoojúmọ́, wọ́n sì ń kírun.

Ojú Murtala ṣì wà lórí ₦20 lónìí. Ráńbà ni owó náà báyìí, àwọ̀ ewé ni, àwọn kọ̀ǹdọ́ ọkọ̀ ní Maryland kì í sábà fẹ́ gbà á mọ́ bí ó bá ti gbó. Èdè Haúsá ṣì wà lára rẹ̀, ní A-B-D. Baba Mọ́là tó ń tún bàtà ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, tó mọ kéwú kà láti kékeré tí kò sì wọ ilé ìwé òyìnbó rí, kò lè kà á mọ́. Àwọ̀ rẹ̀ ló fi ń dá a mọ̀.